Ọmọ Mọ́kànlélógún, Tábìlì Méjì

Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni pé èdè tí mo mu mọ́ ọmú ìyá mi ni wọ́n fi pè mí ní àjèjì. Kétu ni wọ́n ti bí mi, lẹ́yìn bọ́dà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nínú ilé tí a sì ń fi Faransé kàwé. Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí yunifásítì kékeré kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Òmù-Àrán, mo sọ fún gbogbo ẹni tó bi mí pé mi ò lọ sí ìdálẹ̀ kankan, ilé ẹ̀gbọ́n ni mò ń lọ. Ìyá mi nìkan ni kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹni tó bá ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Kí lorúkọ tìẹ?” Mo ní ó ti dàgbà jù, kò mọ bí ayé ṣe ń lọ mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo dé, bàbá tó ń ṣọ́ géètì wo ìwé mi títí.

“Ẹ̀yin ni ará Kútọnu tí wọ́n ní ó ń bọ̀?”

“Ará Kétu ni mí, bàbá.”

“Kútọnu náà ni,” ó wí, ó sì ṣí géètì fún mi.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Mo tọrọ bíìkì lọ́wọ́ akọ̀wé kan, ó ń wò mí bí ẹni tó tọrọ ẹran ẹfọ̀n. Àṣé báírò ni wọ́n ń pe ohun tí a fi ń kọ̀wé níbí. Mo kí ènìyàn láàárọ̀ bí a ṣe ń kíni nílé wa, onítọ̀hún dáhùn tán, ó tún dúró, ó ń retí ìyókù, èmi ò sì mọ ohun tó kù. Èyí tó dùn mí jù ni pé Yorùbá orí rédíò ni gbogbo wọn fi ń bá mi sọ̀rọ̀, kedere, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń fún aláìsàn lógì. Bí wọ́n bá ti kọjú síra wọn, Ìgbómìnà dé nìyẹn, màá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìparí rẹ̀ á fò mí ru. Inú ń bí mi. Mo máa ń rò ó pé èwo gan-an ni wọ́n rí lára mi tí wọ́n fi mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn ni mí, kí n tó la ẹnu rárá.

Ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n gbà mí sí. Orúkọ rẹ̀ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn gùn ju yàrá náà lọ. Ibi tí wọ́n ń kó bébà sí tẹ́lẹ̀ ni: tábìlì méjì, kọ́bọ́ọ̀dù kan, fèrèsé kan tó kọjú sí oko ẹ̀gẹ́. Èmi àti ọ̀gá mi nìkan la wà níbẹ̀. Màdáámù ni gbogbo ọgbà ń pè é, ọmọ bíbí Òmù-Àrán ni, ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, orúnkún sì ń dà á láàmú. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógún ló wà lábẹ́ wa, láti Bẹ̀nẹ̀, láti Tógò, láti Nìjẹ̀r, láti Kamẹrúùnù. Wọ́n gbà mí torí pé mo gbọ́ Faransé. Wọ́n rò pé bí ènìyàn bá gbọ́ Faransé, iṣẹ́ ti parí.

Mo gbọ́ pé ní àwọn yunifásítì ńlá, ẹnì kan wà fún ìwé ìgbélùú, ẹnì kan fún ilé gbígbé, ẹnì kan fún títúmọ̀ èdè. Lọ́dọ̀ tiwa, èmi ni gbogbo wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, mo lè tú èsì ìdánwò láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì, kí n kọ lẹ́tà sí àwọn aṣọ́bodè n’Ílọrin, kí n dá bàbá kan ní Lomé lóhùn tó fẹ́ mọ̀ bóyá ejò wà ní àdúgbò wa, kí n sì jókòó ti ọmọ Kamẹrúùnù kan tó ń sunkún nítorí wọ́n ti da ata sí ẹyin rẹ̀. Ní ọ̀sán, màá wo tábìlì mi, ìwé tí mo bá níbẹ̀ láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ti bímọ.

Màdáámù kì í kánjú, kì í sì í kọ nǹkan sílẹ̀. Bí ọmọ tuntun bá dé, á wò ó láti òkè délẹ̀, á bi í ní ìbéèrè méjì mẹ́ta nípa àwọn òbí rẹ̀, á wá ní, “Ilé Bàbá Oníbúrẹ́dì ni tìẹ,” tàbí kó ní, “Ìyá Dáre ní Rore ni màá fi ọ́ fún.” Ní Sátidé tó bá tẹ̀ lé e, á mú ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sílé tó dárúkọ. Họ́sítẹ́ẹ̀lì lọmọ ń sùn, ṣùgbọ́n ilé yẹn ló ti ń jẹun lọ́jọ́ Àìkú, ibẹ̀ ló ń sá lọ bí ara rẹ̀ ò bá yá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń nájà. Ilé mọ́kànlá bẹ́ẹ̀ ló wà, ní Òmù-Àrán, ní Rore, dé Agbamu. Mo bi í níbo ni àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí wà.

“Àdéhùn kí ni?” ó wí. “Mo fún wọn lọ́mọ, wọ́n gbà á.”

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi fẹ́ kí nǹkan wà lórí ìlà. Nínú oṣù tí mo dé gan-an ni mo ti gbé ìwé kan sẹ́nu ọ̀nà, pé ẹni tó bá wọlé kó kọ orúkọ, kó kọ ohun tó bá wá, kó jókòó títí a ó fi pè é. Ìkíni nìkan lè gba ọjọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ ní ìlú yẹn. Ènìyàn á yà wọlé láìní ohun kan tó fẹ́ ṣe, á kí ẹ, á kí iṣẹ́ ẹ, á kí àárẹ̀ tí iṣẹ́ dá sí ẹ lára, á kí àwọn ará ilé tí kò rí rí. Mo tún ṣe àtẹ kan sórí kọ̀ǹpútà, orúkọ àwọn ọmọ wà lápá òsì, ohun gbogbo tó kàn wọ́n sì wà lápá ọ̀tún. Màdáámù wò ó, ó ní ó rẹwà. Kò tún wò ó mọ́.

Mo gba yàrá kan sí ẹ̀yìn ọgbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí gbogbo ọ̀nà bá dá, mo máa ń pe ìyá mi.

“Àwọn wo lò ń bá jókòó níbẹ̀?” Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn ní gbogbo ìgbà.

“Wọ́n pọ̀, Màmá.”

“Dárúkọ ẹnì kan.”

“Màdáámù.”

“Ọ̀gá ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń bá jókòó. Dárúkọ ẹlòmíràn.”

Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mo sì pa fóònù. Nẹ́tíwọ̀kì dáa. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ bí àwọn aládùúgbò ṣe ń rẹ́rìn-ín ní àgbàlá, mi ò mọ bóyá ó yẹ kí n jáde lọ bá wọn tàbí kí n dúró dìgbà tí wọ́n bá pè mí. Ní Kétu, wọn kì í pe ènìyàn jáde. Bóyá níbí náà, wọn kì í pè é. Mi ò ṣáà mọ̀, mo sì tijú láti béèrè.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ burú. Ọjọ́ kan wà tí mo kó ọmọ mẹ́fà lọ sí Ìlọrin fún káàdì ìgbélùú wọn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ènìyàn ń lọ kó tó rí ẹyọ kan gbà. Mo ti to ìwé wọn sínú fáìlì mẹ́fà tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta, fọ́tò lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá aṣọ́bodè náà tú u títí, ó wá ohun tó máa fi lé wa padà, kò rí i. Káàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a gbà bọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ náà ń kọrin, èmi náà sì gbè é, lédè tí mi ò gbọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé mo ti mọ iṣẹ́ yìí.

Oṣù kẹjọ tí mo débẹ̀ ni orúnkún Màdáámù kọ̀ pátápátá. Wọ́n ní kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ n’Ílọrin, kó sì sinmi fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

“Iṣẹ́ yìí ò le,” ó wí. “Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Kí ọmọ kankan má sọnù.”

Mo ní wọn ò lè sọnù, gbogbo wọn wà nínú àtẹ mi.

Ìgbà tó lọ tán ni mo tó mọ iye ènìyàn tó ń pè é lójúmọ́. Ó ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa pè mí. Ìyá kan pè láti Agbamu, ó ní ọmọ òun ò wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú, ṣé kò sí o? Bàbá Oníbúrẹ́dì wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná nínú ọ̀rá, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ Tógò òun ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Kí a tó kíra tán, ìdajì wákàtí ti lọ, búrẹ́dì ti tutù, mi ò tíì kọ ẹyọ lẹ́tà kan. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Rẹ́jísírà, ọ̀gá àgbà lórí gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, fi ìwé ránṣẹ́ pé òun fẹ́ àdírẹ́sì gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, ẹyọ kan fún ẹnì kan. Mo wo àtẹ mi. Kò sí àyè fún ilé tí wọ́n fi ọmọ fún. Mo rò ó pé bí mo bá yọ ilé mọ́kànlá yìí kúrò, iṣẹ́ mi á dín kù ní ìdajì.

Mo kọ lẹ́tà sí wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó dán, mo sì tẹ òǹtẹ̀ ọ́fíìsì sí i nísàlẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú rẹ̀, mo ní láti ọjọ́ náà lọ ọ́fíìsì wa ni yóò máa bójú tó ohun gbogbo. Mo fi í ránṣẹ́ sí ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Mi ò sọ fún Màdáámù, torí mo fẹ́ kó padà wá bá ọ́fíìsì tó rọrùn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, fóònù dákẹ́. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, mo mu tíì, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn. Inú mi dùn bí ẹni tó borí ogun.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ dé, mi ò sì mọ ibi tó ti ń wá. Ọmọ kan fẹ́ kí n bá òun lọ sí kíliníìkì torí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á. Òmíràn ní wọ́n ta ìṣaasùn tó jò fún òun lọ́jà, kí n bá òun dá a padà. Ọmọ Kamẹrúùnù ọjọ́sí ò jẹun mọ́ rárá. Méjì wá lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọn ò bá nǹkan kan wá, wọ́n kàn jókòó ni. Kí ló dé tí iṣẹ́ tí mo gé sí méjì fi di mẹ́rin? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mò ń ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, mo kà á lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, kò yé mi. Iye ọmọ ò pọ̀ sí i. Ìwé ò pọ̀ sí i. Síbẹ̀ mò ń rù.

Ìlú náà sì yí padà sí mi. Wọ́n ń dáhùn bí mo bá kí wọn, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ti kúrú. Bàbá Oníbúrẹ́dì tà fún mi láìwo ojú mi. Ẹni tí mo fẹ́ bi léèrè ohun tí mo ṣe, mi ò ní in.

Nínú àwọn ọmọ náà, Zẹ́nábù ló kéré jù. Ọmọ Màrádì ni, ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r, ó ń ṣe ọdún kìíní. Kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì tó nǹkan, bó bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, á tún gbé e mì. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni bàbá rẹ̀ pè mí. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí òun ò gbọ́ ohùn ọmọ òun, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò jágbe mọ́ mi. Ì bá jágbe, ì bá sàn fún mi. Ó ní, “Ẹ̀yin ni mo fi ọmọ mi lé lọ́wọ́. Màá tún pè láago mẹ́rin. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.”

Mo sáré lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń to bàtà.

“Zẹ́nábù? Ọjọ́ kẹta rèé tí kò ti sùn síbí. A rò pé ilé rẹ̀ ló wà.”

“Ilé wo? Ṣebí Màrádì nilé rẹ̀.”

Ó wò mí, ó mi orí, ó padà sídìí bàtà rẹ̀.

Mo dé kíliníìkì, wọn ò rí i. Mo dé kíláàsì, wọ́n ní kí n béèrè nílé rẹ̀. Mo dé mọ́sálásí, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá mi bẹ̀ mí pé kí n ṣe, ọwọ́ mi náà ló ti bọ́ yìí. Mo rí ara mi bí mo ṣe máa dúró níwájú bàbá náà, àtẹ lọ́wọ́, orúkọ ọmọ rẹ̀ lápá òsì, òfìfo lápá ọ̀tún. Mo ń sunkún nígbà tí mo dé géètì, mi ò tiẹ̀ mọ̀.

Ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò bi mí pé kí ló dé. Mo ní mò ń wá ọmọ Nìjẹ̀r kan.

“Ọmọ Ìyá Dáre? Èmi ni mo gbé e lọ sí Rore lọ́jọ́ Ajé. Ara rẹ̀ ò yá.”

“Ẹ mọ̀ láti ọjọ́ Ajé? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

“Àǹtí, gbogbo wa la mọ̀,” ó wí. “Ṣé ẹ bi wá ni?”

Ó gbé mi lọ. Ilé Ìyá Dáre wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko. Obìnrin náà ń bẹ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí mo dé. Bàbá, ọkọ rẹ̀, jókòó sórí àga onígi létí ògiri. Mo kúnlẹ̀. Ó kí mi káàbọ̀, ó ní kí wọ́n fún mi lómi, ó bi mí nípa ìyá mi, ó bi mí nípa iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá orí rédíò. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀bẹ, ó ń bá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

“Ìyá, ọ̀rọ̀ Zẹ́nábù ni mo bá wá.”

“Zẹ́nábù ò kàn wá mọ́,” ó wí. “Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

Bàbá dìde, ó wọlé, ó mú lẹ́tà mi jáde. Wọ́n ti wé e sínú ọ̀rá, bí ìwé ilẹ̀. Ó ní, “Àwọn ọmọ wa ò sí nílé nígbà tí ìwé yìí dé. Tíṣà kan kà á fún wa, ṣùgbọ́n ó ń wolẹ̀ bó ṣe ń kà á, ọkàn wa ò balẹ̀. Ìwọ tó o kọ ọ́, kà á fún wa.”

Mo tú u. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán síbẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́, níwájú àgbà méjì, lórí ìkúnlẹ̀. Mo wá gbólóhùn tó rọ̀, kò sí. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, “A dúpẹ́ fún ohun tí ẹ ti ṣe sẹ́yìn. Láti òní lọ, ẹ má ṣe gba akẹ́kọ̀ọ́ wa sílé yín mọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá bá yín, ẹ dá a padà sọ́dọ̀ wa.”

“Tíṣà yẹn ṣe wá lóore,” ni Bàbá wí. “Àṣé ó bò ó fún wa ni.”

Ìyá Dáre ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Inú bí i gidi, Yorùbá rédíò sì fò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ìgbómìnà ló fi bá mi wí, kíákíá, mi ò gbọ́ tó ìdajì, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ yé mi. Ó ní níbo ni wọ́n ti ń fi ìwé gba ọmọ lọ́wọ́ alágbàtọ́? Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ a fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, a jókòó, a sọ ohun tí wọ́n fi ọmọ náà ṣe. Ṣé òun lu ọmọ náà ni? Ṣé òun fi ebi pa á? Odindi ìlú ló mọ̀ pé wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ òun, wọn ò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ òun. Nígbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ wá, tí ibà ń gbọ̀n ọ́n, kí lòun ì bá ṣe? Òun ò ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kankan, kí wọ́n má baà wá fi òǹtẹ̀ gbé e kúrò lórí ẹní.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ ò tó mọ́. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún mi. Mo ní mo rò pé mò ń dín in kù ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ jáde ni mo tó rí i: ilé mọ́kànlá ló ń ṣe iṣẹ́ tí mo pè ní tèmi àti Màdáámù, ìkíni tó ń gba ọjọ́ mi yẹn sì ni bí wọ́n ṣe ń jíṣẹ́.

Ìyá Dáre ní kí n dìde. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

“Ìwọ náà ńkọ́?” ó wí. “Ilé ta lo wà?”

“Mo gba yàrá kan sẹ́yìn ọgbà, Ìyá.”

“Mi ò bi ọ́ ní ti yàrá. Nígbà tó o ń bọ̀, ọ̀gá rẹ wá síbí. Ó ní ọmọbìnrin kan ń bọ̀ láti Kétu, kò mọ ẹnì kankan, òun fi í fún mi. Mo wá kí ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé iṣu wá lẹ́ẹ̀kejì. O ò gbójú sókè, o ní kí n kọ orúkọ kí n jókòó. Mi ò mọ̀wé kọ. Mo gbé iṣu mi padà.”

Mo wá ojú rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí mo rántí, mi ò rí i. Títí dòní mi ò rántí. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ó dìde, ó mú mi wọlé. Zẹ́nábù wà lórí ẹní, ó ti rù, ó ró ìró Ìyá. Fóònù rẹ̀ ti já bọ́ sínú garawa omi lọ́jọ́ Ajé. Ìyá fi Hausa bi í bóyá ó ti mu àgbo tó kù, ìwọ̀nba Hausa tó kó nídìí iṣu títà lọ́jà Ṣàrẹ́, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín bó ṣe ń dá a lóhùn. Mi ò tíì rí ẹ̀rín rẹ̀ rí. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ọmọ tí kì í rẹ́rìn-ín ni.

Aago mẹ́rin lù, fóònù mi dún. Mo gbé e fún Zẹ́nábù, òun àti bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, ó sunkún díẹ̀, ó dá fóònù padà fún mi. Bàbá rẹ̀ dúpẹ́. Ó wá bi mí pé lọ́dọ̀ ta gan-an lọmọ òun wà, ẹni mélòó ló wà nínú ilé náà. Bàbá ọmọ ni, ó yẹ kó béèrè. Mo yíjú sí Ìyá, mo tú ìbéèrè náà fún un.

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ,” ó wí. “Ṣùgbọ́n màá dárúkọ wa fún un.”

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Bàbá. Ó dárúkọ Dáre tó wà l’Ékòó, àti ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn tó ń wá sílé bí ọdún bá dé. Ó dárúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà lókè odò. Èmi ń fi Faransé tún un sọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá Zẹ́nábù ń ní “ó dáa” lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ó dé orúkọ kan, mi ò tún un sọ. Orúkọ mi ni, odindi rẹ̀, èyí tí wọ́n sọ mí ní Kétu, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi pè mí láti ìgbà tí mo ti kọjá bọ́dà.

Bàbá Zẹ́nábù ń dúró lórí fóònù. Ìyá Dáre náà dúró, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

“Tú ìyẹn náà fún un,” ó wí. “Ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Zẹ́nábù ló tẹ̀ lé ọ.”